Alárinà Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò Ìgbéyàwó

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ń kọ kóòdù, èmi àti ọmọkùnrin kan tí a jọ wà nínú tíìmù fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko bá ìṣòro kan jà. Owó tí àwọn oníbàárà ń san kì í tètè hàn nínú àkáǹtì wọn, ó sì ń bí wọn nínú. A dán ọ̀nà kan wò, kò ṣiṣẹ́. A dán òmíràn wò, kò ṣiṣẹ́. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹnì kan tó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́ kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dán ìyẹn wò o, ó ti lé lọ́dún méjì. Kò lè ṣiṣẹ́ láéláé." Níbo ló kọ ọ́ sí? Kò kọ ọ́ síbì kankan. Ó pa kóòdù náà rẹ́, ó rí iṣẹ́ míì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ràn ìtàn àwọn tó máa ń kọ ohun tí kò ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò kan kọ̀ǹpútà, ó kéré tán kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́místírì ni. (C5 ni mo gbà nínú rẹ̀ ní WAEC. Ẹ má sọ fún màmá mi pé mo wá ń kọ àròkọ nípa rẹ̀.)

Láyé àtijọ́, bí ọmọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, kì í dédé lọ bá a. Alárinà ló ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń gbé ọ̀rọ̀ tibí dé ọ̀hún. Bí ìyàwó bá sì ti mojú ọkọ, alárinà á yẹ̀ba. Kò ní bá wọn gbé. Tó bá dọ̀la, á tún lọ ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún àwọn méjì mìíràn. Ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ń pè ní kátálísítì gan-an nìyẹn. Nǹkan méjì wà tí kò fẹ́ dà pọ̀, tàbí tó máa pẹ́ títí ayé kó tó dà pọ̀. Ẹ fi ìkẹta sí i, àwọn méjèèjì á so pọ̀ kíákíá, ìkẹta yẹn á sì jáde bó ṣe wọlé. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ lè so tọ́ọ̀nù lọ́nà tọ́ọ̀nù pọ̀.

Àwọn ìyá wa tó ń pọn ọtí ọkà ti ń lò ó kó tó ní orúkọ kankan nínú ìwé. Wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù díẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Bí ọkà bá ti ń hù, ohun kan máa ń jáde nínú rẹ̀ tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ní 1833, àwọn ará Faransé méjì, Anselme Payen àti Jean-François Persoz, yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ọkà báálì tó ti hù, wọ́n sì pè é ní diastase.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo irú nǹkan báyìí gba orúkọ àpapọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ni Jöns Jacob Berzelius, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ọba Sweden. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ló ń kà. Ọdọọdún ló máa ń kọ ìròyìn nípa ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ń ṣe kiri Yúróòpù. Kirchhoff ní Rọ́ṣíà ti fi ásíìdì sọ sítáàṣì di ṣúgà. Davy ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí i pé wáyà platinum tó gbóná máa ń pọ́n bíi ẹyin iná nínú gáàsì láìsí iná rárá. Ní 1823, Döbereiner ní ìlú Jena darí háídírójìn sórí platinum, gáàsì náà sì gbiná fúnra rẹ̀. Mitscherlich náà wà ní Berlin, ó ń wo bí ọtí líle ṣe ń di éétà. Kálukú wà ní ibùjókòó rẹ̀. Berzelius kà gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní, àbí ẹ ò rí i pé ohun kan náà ni gbogbo yín ń wò? Inú ìròyìn 1835 ni ọ̀rọ̀ kátálísíìsì ti jáde. Fún èmi, ìròyìn yẹn ni àjọṣepọ̀ ìwádìí àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin kan ṣoṣo tó jókòó ti lẹ́tà àti ìwé ló gbé e ró.

Ẹnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà jáde nínú ìtàn yìí: Elizabeth Fulhame. Ohun tó ń wá ni bí èèyàn ṣe lè fi wúrà àti fàdákà kun aṣọ. Níbi tó ti ń dán an wò ló ti ṣàkíyèsí pé omi máa ń dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì tún máa ń padà di omi nígbẹ̀yìn. Ó tẹ̀wé nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1794. Ẹ ṣírò ọdún tó fi ṣáájú 1835.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí oko.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń dáko àgbàdo lẹ́yìn ìlú Ìsẹ́yìn. Bàbá Àgbẹ̀ la máa ń pè é. Bí mo bá pè é lórí fóònù, a ò ní tíì kí ara wa tán tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye tí wọ́n ń ta àpò fatiláísà. Èyí tó máa ń rà jù ni yúríà, funfun, wóró-wóró bí iyọ̀ tó nípọn. Náítírójìn ni àgbàdo ń wá nínú rẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé inú náítírójìn la wà: nínú 100 ìpín afẹ́fẹ́ tí à ń mí, 78 ni náítírójìn. Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń di ara wọn mú ní méjì-méjì, wọn kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Àgbàdo lè dúró sínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, kí ebi rẹ̀ sì pa á kú.

Ní 1898, William Crookes dìde níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Bristol, ó ní àlìkámà kò ní tó jẹ mọ́ bí a kò bá rí ọ̀nà láti mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́. Nígbà yẹn, iyọ̀ náítírétì tí wọ́n ń wà nínú aṣálẹ̀ Chile ni Yúróòpù gbójú lé. Ohun tí à ń wà nínú ilẹ̀ sì máa ń tán.

Wilhelm Ostwald, ọ̀gá ńlá nínú iṣẹ́ alárinà, tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1909, rò pé òun ti yanjú rẹ̀ ní 1900. Ó ní òun fi irin ṣe alárinà, náítírójìn àti háídírójìn sì so pọ̀ di amóníà. Ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ní kí ọmọdékùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, Carl Bosch, ọmọ ọdún 25, bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bosch ṣe é, ó tún un ṣe. Ó ní rárá o, amóníà tí ọ̀gá rí kò wá láti inú gáàsì, náítírójìn ti wà lára irin náà tẹ́lẹ̀ ni. Inú ọ̀gá kò dùn pé ọmọ àná ni wọ́n ní kó yẹ iṣẹ́ òun wò, ṣùgbọ́n ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó ti ṣe code review fún ọ̀gá rẹ̀ rí á mọ irú àyà tí ìyẹn gbà. Ẹ rántí irin yẹn o, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Fritz Haber ló ṣe é tó yọrí, ní yunifásítì Karlsruhe. Orúkọ Haber ni gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Jersey, Robert Le Rossignol, ló ronú àwọn fáàfù àti páìpù tó lè gba ìfúnpọ̀ gáàsì tó ju ti afẹ́fẹ́ wa lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 200, nínú ooru tó lé ní 500 lórí ìwọ̀n Celsius. Mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Friedrich Kirchenbauer ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ẹ̀rọ náà. Osmium ni wọ́n fi ṣe alárinà, mẹ́tà kan tó ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje 1909, àwọn èèyàn BASF wá wò ó. Ẹ mọ bí demo ṣe máa ń rí. Bóòtù kan já lára ẹ̀rọ lójú àlejò! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, wákàtí ń lọ, Bosch ní láti máa lọ. Alwin Mittasch dúró. Nígbà tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, òun ló rí amóníà tó ń kán tótó-tó. Ìwọ̀nba tó lè wọ inú ife tíì ni, ṣùgbọ́n láti inú afẹ́fẹ́ ni.

Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń parí ìtàn yìí ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Osmium inú gbogbo ayé kò lè tó ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n nílò alárinà tí kò wọ́n. Kò sì sí ìwé kankan tó lè sọ fún wọn èyí tó máa jẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí osmium fi ń ṣiṣẹ́ gan-an. Mittasch ní kò burú, ká dán gbogbo nǹkan wò. Gbogbo nǹkan! Georg Stern bá wọn ṣe àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí èèyàn lè tètè yọ ohun inú rẹ̀, kó fi òmíràn sí i, bí ẹni ń pààrọ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n to ẹ̀rọ wọ̀nyẹn sílẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí 1912 fi máa wọlé, wọ́n ti dán nǹkan bí 2,500 oríṣiríṣi èròjà wò, ní ìgbà 6,500. Ohun tó ṣiṣẹ́, wọ́n kọ ọ́. Ohun tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n kọ ọ́. Wọ́n tún kọ ohun tó ń pa alárinà: imí ọjọ́ díẹ̀ báyìí, kílórínì díẹ̀ báyìí, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Oṣù kọkànlá 1909 ni igbá yí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Mittasch ṣiṣẹ́, tó ń jẹ́ Wolf, rí òkúta irin kan tó ti wà nílẹ̀ láti ara iṣẹ́ mìíràn, wọ́n wà á ní Gällivare lókè ilẹ̀ Sweden. Ó gbé e sínú ẹ̀rọ. Ó ṣiṣẹ́ bíi idán. Wọ́n mú irin mìíràn tó mọ́ jù ú lọ, kò ṣe dáadáa. Báwo? Ìdọ̀tí inú òkúta yẹn ni àṣírí náà! Wọ́n wá ń fi ìdọ̀tí kún irin tó mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, títí wọ́n fi rí i: irin, pẹ̀lú alumina díẹ̀, pẹ̀lú potash díẹ̀. Ẹ rí i pé irin Ostwald padà wá jáde. Ó mọ orúkọ ẹni tó yẹ kó ṣe alárinà, kò kàn mọ ẹni tó yẹ kó tẹ̀ lé e lọ ni.

Tí ẹ bá wọ inú ilé iṣẹ́ amóníà lónìí, ní ibi yòówù láyé, ọmọ bíbí irin 1909 yẹn lẹ máa bá níbẹ̀ jù. Fatiláísà tí wọ́n ń ṣe ní Eleme, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ọ̀nà yìí náà ló gbà. Èyí tí wọ́n ṣí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì ní oṣù kẹta 2022, tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún, ọ̀nà kan náà ni. Bàbá Àgbẹ̀ kò mọ Mittasch. Mittasch náà kò mọ Ìsẹ́yìn.

Iṣẹ́ Bosch ni láti sọ ife tíì di odò. Irin tó fi ṣe àgbá àkọ́kọ́ bú gbàù lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 80, nítorí háídírójìn ń jẹ kábọ̀nù inú irin náà lábẹ́lẹ̀. Ó wá fi irin rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, ó sì dá ihò kéékèèké sára èyí tó le níta kí háídírójìn tó bá jò lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ wọn ní Oppau bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1913.

Ọdún kan kò tíì pé tí ogun fi dé. Amóníà tó ń bọ́ àlìkámà ni wọ́n tún lè sọ di bọ́ǹbù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dí ọ̀nà Chile mọ́ Jámánì. Tí kò bá sí Oppau, ìbọn wọn ì bá ti dákẹ́ kíákíá. Haber fúnra rẹ̀ darí bí wọ́n ṣe tú gáàsì kílórínì sí àwọn ọmọ ogun nítòsí Ypres ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin 1915. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀, Clara Immerwahr, tóun náà gboyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́místírì, fi ìbọn pa ara rẹ̀. Mi ò ní fi kún un. Àwọn kan máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Le Rossignol ńkọ́? Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Berlin. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ni wọ́n bá tì í mọ́ àgọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 1921, ilé ìkẹ́rù kan ní Oppau bú, ó pa àwọn tó lé ní 500. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2001, géńdé ọgọ́rin ọdún sí ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ fatiláísà kan ní Toulouse nílẹ̀ Faransé náà bú.

Haber gba ẹ̀bùn Nobel ti 1918, ariwo sì pọ̀ lórí rẹ̀ nítorí gáàsì yẹn. Bosch gba tirẹ̀ ní 1931. Mittasch ò gba nǹkan kan. Le Rossignol ò gba, Kirchenbauer mẹkáníìkì ò gba. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń pariwo alárinà? Ní 1933, Haber tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sin Jámánì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìjọba Hitler ní kó lé àwọn Júù tó ń bá a ṣiṣẹ́, Júù sì ni àwọn òbí tirẹ̀ náà. Ó kú ní Basel ní oṣù kìíní 1934. Ilé ìwádìí tó ti jẹ́ olórí rẹ̀ ní Dahlem, ní Berlin, ló wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí.

Inú ilé yẹn gan-an ni Gerhard Ertl ti ṣe olórí lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Òun ló dáhùn ìbéèrè tí Mittasch fò kọjá: kí ni irin yẹn ń ṣe gan-an? Láti àwọn ọdún 1970, ó fi irinṣẹ́ tó ń rí ojú irin ní ìpele átọ́ọ̀mù wò ó. Ó rí i pé náítírójìn méjì náà máa ń bà sórí irin, irin á já wọn kúrò lára wọn, ibẹ̀ ló sì ń pẹ́ jù. Potash ló ń jẹ́ kó tètè já. Wọ́n ti ń fi nǹkan yìí bọ́ ayé fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ ní pàtó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi tí mo ní kóòdù kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí n kò mọ ìdí rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ertl gba ẹ̀bùn Nobel ní 2007, ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n sì kéde rẹ̀.

Ọdún 2007 yẹn náà ni wọ́n fọwọ́ sí àjọṣepọ̀ kan ní Berlin tí wọ́n pè ní UniCat. Technische Universität Berlin ló gbà á lálejò. Freie Universität, Humboldt àti yunifásítì Potsdam wà níbẹ̀, ilé Fritz Haber àti ilé ìwádìí Max Planck kan ní Potsdam náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ẹni tó jókòó ti ẹni. Ẹni tó ń wo òkúta irin kò mọ ẹni tó ń wo ẹ́ńsáìmù inú kòkòrò àìfojúrí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ alárinà kan náà làwọn méjèèjì ń wá. Ó jọ ìròyìn Berzelius, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí àwọn tí wọ́n ń ròyìn wọn jókòó sínú yàrá kan náà. Ní 2019 ó di UniSysCat, ìbéèrè rẹ̀ sì le sí i: bí alárinà bá pọ̀ nínú ìkòkò kan, tí ọ̀kan ń gba ohun tí èkejì ṣe, ta ni yóò di ta lọ́wọ́? Inú ara wa, wọ́n wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu láìjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí microservice mẹ́wàá tó ń dúró de ara wọn ní aago méjì òru, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀. Ní 1998, Paul Anastas àti John Warner ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà 12 fún kẹ́místírì tí kò ní ba ayé jẹ́. Ìkẹsàn-án ni pé ká lo alárinà dípò èròjà tó ń tán, tó sì ń di pàǹtírí. Àmọ́ alárinà tó ń bọ́ wa yìí gan-an ló ń jẹ iná jù. Gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ háídírójìn tí wọ́n ń fún un, èéfín rẹ̀ sì ju 1 lọ nínú 100 ìpín kábọ̀nù tí iṣẹ́ ọwọ́ wa ń tú sáfẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn ayé ń jẹun nítorí rẹ̀. A ò lè pa á, a ò sì lè máa bá a lọ báyìí. Ẹni kan nínú léébù kan kò lè yanjú èyí.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ìwé àkọsílẹ̀ Mittasch jẹ́ ti BASF, ọjà ni, àṣírí sì ni. Mi ò bá wọn jà, ilé iṣẹ́ tó ń wá owó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì náà, ohun tó ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ jáde. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ á wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ iléèwé kan, ọmọ náà á gboyè, á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ. Ní 2020, Jámánì bẹ̀rẹ̀ NFDI4Cat, níbi tí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì, àwọn ẹnjiníà àti àwa oníkóòdù ti ń wá bí dátà ìwádìí yìí ṣe máa ṣeé rí, ṣeé kà fún ẹ̀rọ, tó sì máa ṣeé tún lò. Ohun tó ń gba àkókò nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni orúkọ. Ṣé "ooru" tí léébù yìí kọ ni ooru inú àgbá, àbí ti irin fúnra rẹ̀? Iṣẹ́ tí kò dùn ún wò rárá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó wà lára ohun tí mo fi ń jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe Bàbá Àgbẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn pé inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń yọ fatiláísà, pé irin kan ló ń ṣe alárinà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ wá ń dì sínú àpò?"

Mo ní, "Bàbá mi, kì í ṣe èmi o, àwọn ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Wọ́n ní kí n bá àwọn bi alárinà náà bóyá ó lè bá wọn gé e.